Ẹ Má Tíì Gé E: Fífi Irin Tuntun Rọ́pò Èyí Tó Ti Jẹ Lára Mọ́tò Àtijọ́

Ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀bítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó irinṣẹ́ wọlé ní Bàrígà, ẹ̀yin ajórin Ṣómólú, àti ẹ̀yin tí bàbá yín fi Ìjàpá Volkswagen tàbí Píjò 504 sílẹ̀ fún, tí ọkọ̀ náà sì wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin ni mo wá bá lálẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí bí a ṣe ń yọ irin tó ti jẹ kúrò lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a ó sì fi tuntun sípò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó wọ̀ yín létí jù lọ nìyí: irin àtijọ́ yẹn, bó ti wù kó jẹ tó, òun nìkan ló kù tó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà lọ́jọ́ tí mọ́tò náà jáde nílé iṣẹ́. Ẹ má tíì gé e. Ẹ kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti to ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò tí mò ń wí yìí. Oṣù kan náà, oṣù kẹta ọdún 1975, ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jáde. Ọdún yẹn náà ni àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà àti akọ̀wé tí kò ronú mọ́tò rí wá di onímọ́tò. Láti Brazil ni ẹ̀yà Ìjàpá ti ń wọlé wá sí Ọ̀jọ́. Ní ti 504, àwọn Faransé tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1968 ṣíwọ́ ṣíṣe èyí tó jẹ́ ọkọ̀ ilé lásán lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n ti Kàdúná ṣì ń jáde lẹ́yìn ọdún 2000. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara 504 fi rọrùn láti rí ju ti Ìjàpá lọ, tí àwọn àgbà pánẹ́ẹ̀bítà wa sì lè tú u palẹ̀ kí wọ́n tò ó padà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Kí ló ń jẹ irin àwọn mọ́tò yìí? Omi ni. Bàrígà fẹ̀yìn ti ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ìhà Ìlàjẹ tutù, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀ nínú. Nígbà tí òjò bá le, omi máa ń dúró ní àwọn òpópónà kan ní Ṣómólú débi pé á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ inú mọ́tò. Omi náà á gbẹ lójú, kò ní gbẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Lára Ìjàpá, bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ásíìdì tó ń kán síbẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́tò lápá yẹn pẹ́ tó ti òsì. Ẹ tún wo irin gbọọrọ méjì oníhò nínú tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Jámánì ṣe é kí ooru ẹ́ńjìnnì lè gba inú rẹ̀ lọ síwájú nígbà òtútù wọn. Ní Èkó, kò sẹ́ni tó ń wá ooru. Àmọ́ irin yẹn kan náà ló di bọ́dì Ìjàpá mú. Tó bá ti jẹ, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn á máa wọ́, ẹni tó ń tì í á máa gbé e sókè kó tó lè wọlé. Láti inú ló sì ti máa ń jẹ bọ̀ síta. Ẹni tó bá rí ihò tó tó orí ìṣó lójú rẹ̀, kó mọ̀ pé inú ti lọ. Ti 504, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni sílì abẹ́ ilẹ̀kùn, etí ibi táyà, àti ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú níbi tí ẹrẹ̀ máa ń kó sí.

Ní ti ríra irin tuntun, Ládípọ̀ ní Muṣin àti Owódé Onírin lójú títì Ìkòròdú ni ẹsẹ̀ gbogbo wa ń kọ́kọ́ gbà. Tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, tuntun wà níbẹ̀, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní èèyàn lókè òkun lè ní kó bá òun ra fẹ́ńdà Ìjàpá, torí wọ́n ṣì ń rọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá bi mí, fẹ́ńdà ògbólógbòó tó jẹ́ ojúlówó, tí kò jẹ, tó kàn tẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ ẹ ju tuntun tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ. Èyí tó tẹ̀ ṣeé lù padà sípò. Èyí tí kò gún láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, ẹ ó jìyà kó tó gún lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn, kí ẹ ka ihò bóòtì wọn. Fẹ́ńdà Ìjàpá tí iná iwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn jẹ́ ti àwọn tí Jámánì ṣe ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1967. Èyí tí iná rẹ̀ dúró ṣánṣán jẹ́ ti lẹ́yìn ìgbà náà, Brazil sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yí tiwọn padà. Bí ẹ bá ra ọ̀kan nínú èyí, tí ẹ ra èkejì nínú ìyẹn, ojú mọ́tò yín ò ní dọ́gba láéláé.

Ó dáa, irin ti délé. Ilẹ̀ tí mọ́tò dúró lé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì wa, orí iyanrìn tí kò tẹ́jú ni. Mọ́tò tó dúró sírú ibẹ̀ ti lọ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá jó irin tuntun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ẹ ti dè é ní lílọ́ nìyẹn. Ẹ lè gbé e lọ sórí kọnkéré lọ́la, kò ní nà mọ́. Ohun tí a nílò wà lọ́wọ́ bíríkìlà: rọ́bà gbọọrọ tí a ń rí inú rẹ̀, tí omi wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń mú ìpìlẹ̀ ilé dọ́gba. Ẹ yá a lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbé mọ́tò sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí ajórin rọ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo búlọ́ọ̀kù, torí búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó là, abẹ́ ọkọ̀ yẹn lọmọ iṣẹ́ yín á sì wà. Ẹ wá fi rọ́bà omi yẹn wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ máa fi irin pẹlẹbẹ gbé ibi tó rẹlẹ̀ títí omi yóò fi dúró sójú kan náà níbi gbogbo.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọ̀n. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lára ọkọ̀, ẹ ṣí i, kí ẹ wọn àyè rẹ̀ láti igun òkè níwájú dé igun ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ tún wọn èkejì tó dábùú ìyẹn. Ẹ wọn ojú gíláàsì iwájú bákan náà. Ẹ wọn òsì, ẹ wọn ọ̀tún, torí ó lè jẹ́ pé apá kan ni jàǹbá ti kàn rí, kí ìkejì wá jẹ́rìí fún un. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sára páálí, ẹ fi páálí náà kọ́ sára ògiri. Ẹ má kàn fi sórí lásán. Nígbà yìí ni ẹ ó tó wá irin páìpù onígun mẹ́rin, tí ẹ ó jó o mọ́ inú ọkọ̀ láti òpó ilẹ̀kùn kan dé èkejì, kí ó lè di bọ́dì mú nígbà tí ẹ bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé páìpù náà sínú dáadáa kí ilẹ̀kùn ṣì lè máa tì. Ìjàpá tí a gé abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfi irin dì í mú yóò ṣubú sínú ara rẹ̀, kò sì sí òòlù tó lè dá a padà bó ṣe wà.

Ọ̀pọ̀ máa ń fo ohun tó kàn yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà: ẹ ya àwòrán irin àtijọ́ kó tó kúrò. Ibi tó tẹ̀ kọrọdọ, ibi tó ṣẹ́ igun, ibi tí ihò omi wà, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ mú. Àwọn ará Ṣómólú ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní, ìyẹn àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kún ibẹ̀ láti òpópónà dé òpópónà. Páálí tí wọ́n gé kù níbẹ̀ lágbára tó láti fi gé àwòrán ilẹ̀ mọ́tò. Pléètì tí wọ́n ti fi tẹ̀wé tán tún dára ju páálí lọ, nítorí pé alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ ni. Tí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fẹ́ńdà, á gba kọrọdọ rẹ̀ kò sì ní nà padà. Ẹ fi gé àwòrán, ẹ kọ iwájú àti ẹ̀yìn sí i, òsì àti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àwòrán ni kí ó mọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìṣó kan irú pléètì bẹ́ẹ̀ mọ́ ara mọ́tò láti dí ihò, torí bí alumíníọ̀mù àti irin bá fara kan ara wọn nínú omi, ìjẹ alumíníọ̀mù náà máa ń yá sí i ni.

Ní báyìí, ẹ lè gé e. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kan ìkejì títí ti àkọ́kọ́ á fi parí. Nílé iṣẹ́, wọn kì í jó irin bọ́dì lọ gbọọrọ, ńṣe ni wọ́n ń fi iná mànàmáná tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní àmì kékeré kékeré. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ọ̀dà kúrò, ẹ ó rí àwọn àmì róbótó náà. Dírílì mìlímítà 8 ni kí ẹ fi lu irin òkè nìkan. Ti ìsàlẹ̀ ni ẹ ó tún jó tuntun mọ́, ẹ má lù ú já. Ó gba sùúrù, mo mọ̀, ó sì ń mú apá ro. Ẹni tó bá fi gíráńdà gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á yára tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ti gé etí tí irin tuntun ìbá jókòó lé dànù, á sì wá máa fojú díwọ̀n ohun tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ kan tẹ́lẹ̀.

Kí a tó jó irin tuntun mọ́ ọn, ẹ gbé gbogbo nǹkan kọ́. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í rán aṣọ pa láìdán an wò lára olówó rẹ̀. Ẹ fi bóòtì àti kíláǹpù mú irin tuntun sípò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sún sẹ́yìn wò ó. Àlàfo tó wà láàárín irin kan àti èkejì ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Lára àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, bíi mìlímítà 4 ni ó dára. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó dọ́gba láti òkè délẹ̀. Ẹ gé igi pẹlẹbẹ kan tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi gba inú àlàfo náà kọjá. Ó ní bí a ṣe ń tò ó tẹ̀lé ara. Lára 504, igun ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ṣeé sún, nítorí náà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ mú bá a mu. Kí ilẹ̀kùn iwájú tẹ̀lé ti ẹ̀yìn. Kí fẹ́ńdà tẹ̀lé ilẹ̀kùn iwájú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo àṣìṣe kéékèèké á kó jọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí kò ti sí àyè àtúnṣe mọ́. Ẹ máa pe ọmọ iṣẹ́ wá síbi yìí. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ojú irin kọjá pẹ̀lú ojú dídì, kó sọ ibi tó ga àti ibi tó kù. Ọdún púpọ̀ ló máa lò lọ́dọ̀ yín kó tó gba fúríìdọ̀mù, bí kò bá sì kọ́ èyí, a jẹ́ pé fífọ irin àti ríra oúnjẹ fún ọ̀gá ló kọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá kàn, níbi tí a ti ń ba irin jẹ́ jù lọ. Irin bọ́dì kò sábà nípọn ju mìlímítà kan lọ. Iná kábáìdì àti ọ́síjìn sì gbóná ju 3,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibi tí iná bá kàn á fẹ́ fẹ̀, àmọ́ irin tútù tó yí i ká kò ní fún un láyè. Á fún ara rẹ̀ pọ̀, á nípọn sí i. Nígbà tó bá tutù, á kéré ju bó ti wà lọ, á wá máa fa ojú irin jọ, fẹ́ńdà tó ń dán á di kókó àti ọ̀gbun. Nítorí náà, ẹ má jó o lọ gbọọrọ. Ẹ jó o ní ojú kan, ẹ lọ sí òpin kejì, ẹ jó ibẹ̀ náà ní ojú kan, ẹ bọ́ sí àárín, kí ẹ dúró kó tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á. Bó bá jẹ́ gáàsì ni ẹ ní, ẹ fi dọ́lì ti ẹ̀yìn ibi tí ẹ jó, kí ẹ fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ kí ó lè nà padà. Ẹ̀rọ tó ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jó irin, èyí tí ẹ ń pè ní CO2, ló dára jù: ẹ lu ihò mìlímítà 8 sí etí irin tuntun, ẹ fi wáyà 0.6 tàbí 0.8 kún ihò náà títí á fi mú irin ìsàlẹ̀. Iná ẹ̀lẹ́kítíródù tí wọ́n fi ń rọ géètì, ẹ pa á tì; ihò ló máa lu sára fẹ́ńdà yín.

Ẹ̀mí ṣáájú mọ́tò. Kí iná kankan tó tàn, títí kan èyí tí ẹ fi jó páìpù sínú ọkọ̀, ẹ yọ bátìrì. Ẹ yọ táǹkì epo. Ti Ìjàpá, iwájú gan-an ló wà, nítòsí ibi tí ẹ fẹ́ jó. Táǹkì tó ti gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí pé ooru epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Agolo kábáìdì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí ẹ ti ń jórin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu sìgá nítòsí rẹ̀. Ẹ má fi páànù òrùlé ṣe ilẹ̀ mọ́tò: ó fẹ́lẹ́ jù, èéfín sínkì tó wà lára rẹ̀ sì máa ń dá ibà sára ẹni tó bá fà á símú.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin onímọ́tò sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ẹ̀bi fílà tí wọ́n ń bu bo irin tó ti jẹ kì í ṣe ti pánẹ́ẹ̀bítà nìkan. Ẹ máa ń ná owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí kò fi ní sí owó irin nínú rẹ̀ mọ́, ẹ tún ní kí mọ́tò jáde kí ọjọ́ òde tó pé. Kí ni ẹ rò pé ó máa ṣe? Á bu fílà bo ihò ni. Fílà wúlò láti fi tẹ́ ojú irin tí òòlù ti tún ṣe, kó má ju mìlímítà 3 lọ. Lórí irin tó ti dógùn-ún, ó máa ń fa omi mọ́ra, irin á sì máa jẹ nìṣó lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán títí fílà á fi já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì kékeré wé inú aṣọ, kí ẹ máa fi gbá ara mọ́tò lọ kí ẹ tó sanwó: ibi tí kò bá ti mú, fílà ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí. Ẹ san owó irin fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lọ wo ọkọ̀ nígbà tí irin ṣì wà níhòòhò.

Fẹ́ńdà Ìjàpá kò la iná lọ rárá, bóòtì ló mú un. Wàhálà rẹ̀ ni pé bóòtì náà ti dógùn-ún mọ́ nọ́ọ̀tì inú. Ẹ fi epo tó ń wọnú rin ín láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ yí i síwá díẹ̀, ẹ yí i sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má fi agbára já a. Ẹ fi rọ́bà tuntun sí àárín fẹ́ńdà àti bọ́dì, torí òun ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin kí ọ̀dà sì ṣí. Ẹ fi ìka mú gbogbo bóòtì kí ẹ tó fún èyíkéyìí le, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè àárín lọ sí ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ó yẹ kí pẹ́ńtà ti kun abẹ́ fẹ́ńdà àti ara bọ́dì níbi tó jókòó sí kí ẹ tó gbé e kọ́.

Inú sílì àti inú irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ kò dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni ìjẹ á sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí pẹ́ńtà bá parí, ẹ fún òróró tó nípọn sínú rẹ̀. Àwọn kan ń lo ọ́ìlì dúdú tí a tú nínú ẹ́ńjìnnì. Ó sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń kán sílẹ̀, ó sì dọ̀tí, gírísì tí a yọ́ tàbí wáàsì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ló ń pẹ́. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹni tó fi fílà tàbí ọ̀dà dí ihò omi tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti sílì. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́tò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá tutù, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ẹlòmíì máa da omi sí gíláàsì àti etí ilẹ̀kùn títí ẹ ó fi rí ibi tó ń gbà wọlé, kí ẹ dí i kí ẹ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ rewáyà ló kàn: wáyà àtijọ́ tí ara rẹ̀ ti ń re, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dá iná sílẹ̀.